Bíbọ Kọ́, Bíbọ́ Ni

Láyé àwọn bàbá wa, kò sẹ́ni tó ń dáná fún ajá. Ajá ń gbélé, ajá ń ṣọ́de, ajá ń bá ọdẹ wọ igbó, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò kan tí a ń gbé kaná nítorí rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àwo ni tirẹ̀, àti eegun tí àgbà ti fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ tán, àti èèpo iṣu, àti ohun kan tí a kì í fẹ́ sọ lójú àlejò, èyí ni ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé kò ní bá mi jiyàn pé bí ọmọ bá ti yàgbẹ́ sílẹ̀, ajá ni ìyá rẹ̀ máa ń pè kó wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí ìyà. Ètò ilé ni. Ajá gba tirẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, láti ọdún 2022 ni mo ti ń dáná fún ajá kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Jẹ́ńsinmi ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Orúkọ ajá jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ sí aládùúgbò ní tààrà: a óò pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sì gbọ́. Délé, ọmọ mi ọkùnrin, ló sọ ọ́ lórúkọ nígbà tó wà nílé àyágbé, tí onílé rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Láàárọ̀ lálẹ́ ni yóò dúró lójúde tí yóò máa pariwo ‘Jẹ́ńsinmi! Jẹ́ńsinmi!’ títí onílé yóò fi ti fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí Délé ń lọ sí Kánádà ní 2021, ó kó ìwé rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti ajá rẹ̀ wá sílé mi. Ìwé àti bàtà kò dà mí láàmú.

Ìran ajá Jámánì tí àwọn ará wa ń pè ní Alsatian ni. Nígbà tó pé bí ọdún méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kì í ṣe pé kò jẹun o. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta síwájú rẹ̀, yóò pa á rẹ́, yóò sì tún máa wojú yín. Ó ń jalè nínú ilé ìdáná, ó ń da ike ìdọ̀tí nù, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ìgbẹ́ náà pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ràndànràndàn, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ó sì ń dán bí ohun tí a fi òróró pa lára. Ènìyàn lè dúró lẹ́nu géètì kí ó máa ka egungun ìhà ajá náà. Ẹnìkan ní aràn ni, a fún un ní oògùn aràn. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti ju nǹkan fún un jẹ. Ẹnìkan tí mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní kí n jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kó lè sinmi, ó sì fi orúkọ ajá náà ṣe àpárá. N kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹranko ló kọ́kọ́ bi mí bí ìgbẹ́ náà ṣe rí kó tó bi mí ní ohun tí ajá náà ń jẹ. Ó ní kí n má fún un ní oúnjẹ láti alẹ́ títí di ọjọ́ kejì, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò. Èsì tó dé ni pé páńkíríà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Níbí ni iṣẹ́ tí mo ń jẹun lé lórí ti kó sí mi lọ́rùn. Ẹni tó ti ń kọ́ni ní Yorùbá láti bí ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ ẹ̀yà ara kan kó má wá ohun tí àwọn ará ilé ń pè é. A ní ẹ̀dọ̀, a ní ọkàn, a ní fùkù, a ní ìwe, ṣàkì, àbọ̀dì, òróòro àti ìfun. Àwa tí a fẹ́ràn inú ẹran tó báyìí! Mo lọ sí odò ẹran, mo fi àwòrán han alápatà mẹ́ta. Èkíní ní ọ̀rá ni. Èkejì ní ara ìfun ni, kò ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ Alájì tó ti darúgbó sídìí iṣẹ́, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, ‘Ìyẹn kẹ̀, Ìyá? Ajá la máa ń jù ú sí.’ Páńkíríà ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìdáhùn Alájì, nítorí a óò tún padà bá a.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀yà ara yìí ń ṣe. Ó ń tú omi kan sínú ìfun, omi náà sì ní èròjà oríṣi mẹ́ta nínú: èyí tó ń fọ́ ọ̀rá, èyí tó ń fọ́ oúnjẹ bí iṣu àti ìrẹsì, àti èyí tó ń fọ́ ẹran àti ẹyin. Ó tún ń pèsè insulin, èyí tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nínú irú àìsàn tó mú Jẹ́ńsinmi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ajá fúnra wọn ló ń kọjú ìjà sí apá tó ń pèsè omi ìdàńjẹ, wọn a sì máa fi apá tó ń pèsè insulin sílẹ̀. Àìsàn náà ń tẹ̀ lé ìran, ó sì wọ́pọ̀ láàrin ajá Jámánì ju ọ̀pọ̀ ìran ajá mìíràn lọ. Kì í tètè hàn síta. Ìgbà tí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bá ti bàjẹ́ ni ajá yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rù. Kí a má ṣe kó o pọ̀ mọ́ páńkíríà wíwú, èyí tí í máa mú ajá bì, tí inú yóò máa dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi àyà lélẹ̀ tí yóò gbé ìdí sókè bí ẹni tó ń kírun. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá, nígbà tí gbogbo ilé bá da ọ̀rá ẹran sílẹ̀ fún ajá.

Èdè wa ti ya jíjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára dídà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. A ń sọ pé ‘mo ti jẹun, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò dà.’ Bákan náà ni a ń sọ nípa ènìyàn pé ó ń jẹ, kò hàn lára rẹ̀. Mo ti sọ gbólóhùn yìí láìmọye ìgbà nípa àwọn ọmọ tó tínrín, bí ẹni ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìgbà tí mo rí ajá tó ń jẹ tí ebi sì fẹ́ pa kú ni mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ebi ń pa á lóòótọ́. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló ń mú un jalè, kì í sì ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú un jẹ ìgbẹ́. Oúnjẹ tí kò dà ṣì wà nínú ìgbẹ́ náà, imú rẹ̀ sì sọ fún un.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé gbèsè tí ọmọ ènìyàn jẹ ajá lórí páńkíríà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1889, ní ìlú Strasbourg tó wà lábẹ́ ìjọba Jámánì nígbà náà, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ páńkíríà ajá kan kúrò láti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nínú dídà oúnjẹ. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ láìdáwọ́ dúró, a sì bá ṣúgà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni. (Ẹni tó sọ àìsàn náà lórúkọ lédè wa ti rí i kí ó tó sọ ọ́: à-tọ̀-gbẹ, kí ènìyàn máa tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ.) Ní 1921, ní Toronto, Frederick Banting àti Charles Best fi ajá ṣe iṣẹ́ tó mú insulin jáde, ní oṣù kìn-ín-ní 1922 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gún un fún ènìyàn, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tí àtọ̀gbẹ fẹ́ pa. Orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ajá wọ̀nyẹn, Marjorie, ṣì wà nínú ìwé ìtàn. Ìyá tó bí mi gún insulin fún ọdún mọ́kànlá kó tó jáde láyé. N kò lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ‘ajá lásán’ kí ọkàn mi má lọ sọ́dọ̀ Marjorie.

Oògùn àìsàn Jẹ́ńsinmi kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí inú rẹ̀ kò bá lè da oúnjẹ, a óò fi ohun tí yóò dà á sínú oúnjẹ náà láti ìta. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń ṣe láti ara páńkíríà ẹlẹ́dẹ̀. Ṣíbí kékeré kan fún kílò mẹ́wàá ara ajá ni ìwọ̀n tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, a óò pò ó mọ́ oúnjẹ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ jẹ. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ gbóná, nítorí pé iná ń pa agbára èròjà náà. Ìyẹ̀fun yìí dára, ó ṣiṣẹ́, òkè òkun ló sì ti ń wá. Délé fi agolo kan ránṣẹ́, ó fi ìkejì ránṣẹ́. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, owó tí mo fi ń ra agolo kan kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Dókítà náà wò mí, ó ní, ‘Mà, ṣé ẹ lè dé odò ẹran?’ Ohun tí wọ́n ń sọ di ìyẹ̀fun nílẹ̀ òkèèrè, tútù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa: páńkíríà màlúù, ní tútù, ní gígé wẹ́wẹ́, nǹkan bí 100 gíráàmù nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fún ajá tó wúwo tó 20 kílò.

Báyìí ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ Alájì. Ó rò pé mo wá ṣe àyẹ̀wò ìjọba ni. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń pè mí ní dókítà, ó ní, ‘Dókítà ajá?’ Mo ní rárá, dókítà Yorùbá ni mí. Ó ronú sí i, ó ní, ‘Yorùbá náà ń ṣàìsàn ni?’ Mo sọ fún un pé mo rò bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ hàn mí ibi tí ẹran náà wà, níbi tí ìfun ti so mọ́ àpòlúkù: kò pupa bí ẹ̀dọ̀, ó pọ́n résúrésú, ó rí bí èso wẹ́wẹ́ tí a so pọ̀. Ti màlúù kan kò ju oúnjẹ ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Alájì ní òun kò ní gba owó. Ó ní bí òun bá gbowó lórí ohun tí òun ń jù sí ajá, àwọn ẹgbẹ́ òun yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní láti sọ pé ẹran tútù kò ṣàìní ewu. Àrùn àti ẹyin aràn lè wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn dókítà kò fi ń gba ti ẹlẹ́dẹ̀ ní tútù wọlé, ti màlúù náà sì gbọ́dọ̀ ti ara ẹran tí àwọn elétò ìlera ti yẹ̀ wò wá. Bí ó bá dì gbagidi, agbára rẹ̀ kò ní lọ fún oṣù bí i mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ. Kí nǹkan dì fún oṣù mẹ́ta, ní orílẹ̀-èdè tí iná kì í wà fún wákàtí mẹ́ta! Mo ń dì í ní ọ̀rá kéékèèké, oúnjẹ kan nínú ọ̀rá kan, mo ń kó o sí ìsàlẹ̀ fíríìsà, mo sì ń kó ike omi dídì lé e lórí. Ní alẹ́ tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ mi kì í dún fún kọ̀ǹpútà tàbí fáànù. Ajá ló ń dún fún.

Oúnjẹ tó kù kò le. Ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa, adìẹ tí a ti bó awọ rẹ̀, tàbí ẹja panla. Ẹja Títù lọ́ràá jù fún un. N kò fún un ní ẹ̀wà nítorí èèpo rẹ̀, n kò fún un ní eegun, n kò sì jẹ́ kí epo pupa kàn án. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ fítámìnì B12, lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà lóṣooṣù. Ìyàlẹ́nu ni èyí jẹ́ fún mi. Páńkíríà ajá ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà tó ń mú B12 wọ inú ara rẹ̀. Bí páńkíríà bá ti kọṣẹ́, ajá ìbáà jẹ ẹ̀dọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, fítámìnì náà yóò kàn kọjá lọ ni.

Kùtùkùtù ni mo máa ń gé ẹran náà, lẹ́yìnkùlé, kí òórùn rẹ̀ má baà gba ilé. Ajá yóò jókòó tì mí, yóò máa wo ọ̀bẹ. Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ń kọjá lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ọ̀bẹ, ó rí ẹran tútù, ó rí ajá. Inú rẹ̀ dùn.

‘Ìyá Délé,’ ó ní, ‘o ṣeun tí o kò gbàgbé ilé. Ṣé Ògún lo fẹ́ bọ ni?’

‘Rárá o, Bàbá. Ajá ni mò ń bọ́.’

Ohùn àárín ni ó wà lórí bọ tirẹ̀, ohùn òkè ni ó wà lórí bọ́ tèmi. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ irú ọ̀rọ̀ méjì báyìí sí ara pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní kí wọ́n lè mọ ohun tí àmì ohùn ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí àmì kan ṣoṣo ti dúró láàrin ikú àti ìyè ajá bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, ‘Ajá tí Ògún ń jẹ ni ìwọ ń gbé ẹran fún!’ Lẹ́yìn náà ló fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ògiri, ó sọ ohun tó mú kí n tún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí rò. Ó ní bàbá òun ń dẹ̀gbẹ́, àti pé lọ́jọ́ tí ajá rẹ̀ bá pa ẹran, inú ẹran náà ni ajá ń kọ́kọ́ gbà, nínú igbó níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù. Ọdẹ tó bá fi èyí du ajá rẹ̀, ajá náà kò ní sáré fún un lọ́la. A jẹ́ pé àjẹkù ni ti ajá ilé, ajá ọdẹ ní ìpín. Páńkíríà sì ti wà nínú ìpín náà láti ìgbà náà, láìlórúkọ.

Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ iye tí mo ń ná, ó dákẹ́ lórí fóònù, ó ní, ‘Ṣé ajá yìí ni yóò sin ọ́ ni?’ Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé Délé wà ní Kánádà, ajá ló wà lọ́dọ̀ mi. Ó tún ní ebi ń pa ènìyàn nígboro. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi ìnáwó púpọ̀, n kò sì tíì gbọ́ kó fi owó aṣọ ẹbí wé oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa. Ajá nìkan ni wọ́n máa ń gbé òṣùwọ̀n yìí kà lórí. N kò fún un lésì ju pé kó bá mi kí ìyàwó rẹ̀.

Ẹni tí n kò lè kàn kí báyìí ni Ìyá Rìsí, tó ń bá mi tún ilé ṣe. Ní òwúrọ̀ kan ó dúró, ó ń wo bí mo ṣe ń bó awọ adìẹ. Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ń ṣírò: ‘Mà, oúnjẹ ajá yìí fún oṣù kan ju owó iléèwé Rìsí fún táàmù kan lọ.’ Ó tọ̀nà. Èmi náà ti ṣírò rẹ̀. Kò sọ pé kí n má bọ́ ajá. Òun ló ń bá mi bọ́ ọ bí mo bá lọ sí ìrìn àjò, òun nìkan ni ajá náà sì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu lẹ́yìn mi. Ohun tó sọ ni pé bákan náà ni ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe ń tú owó méjèèjì jáde. Láti ọjọ́ náà, ìwé méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ti ajá àti ti Rìsí, n kò sì gbà kí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Bí ọ̀kan bá ga, mo mọ ohun tí n kò ní rà fún ara mi.

Kílò 19 ni Jẹ́ńsinmi nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti di 31 báyìí. Kò lè sàn pátápátá, nítorí ohun tó kú nínú rẹ̀ kò ní jí. Títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni yóò máa jẹ páńkíríà ẹran mìíràn. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti dì, kò sì jẹ ẹ́ mọ́. Délé máa ń ní kí n gbé fóònù sí i létí lọ́jọ́ Sunday, ajá náà a sì gbé etí méjèèjì nà.

Ní ti Alájì, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ènìyàn rí i pé ó ń gé nǹkan kan sọ́tọ̀ fún obìnrin yunifásítì, wọ́n sì rò pé oògùn ni. Oníbàárà mẹ́ta ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ní ó dára fún àtọ̀gbẹ. Mo ṣàlàyé títí pé jíjẹ rẹ̀ kò lè wo àtọ̀gbẹ, nítorí inú yóò da insulin inú rẹ̀ bí ó ṣe ń da ẹran yòókù. Alájì gbọ́ mi jálẹ̀, ó dì tèmi sínú ọ̀rá, ó ní, ‘Ó ti yé mi, Dókítà. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni.’